Láti Áfíyùn dé Tramadol: Ìtàn Ohun tí ó ń Sọ Egbòogi di Bárakú

Bí a bá dárúkọ Òṣòdì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ọkọ̀, èrò, agbèrò àti ariwo. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé ní Òṣòdì yìí kan náà ni ilé ìkóògùn-sí ti ìjọba àpapọ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú mọ́fíìnì tí àwọn ilé ìwòsàn wa ń lò fún ẹni tí ìrora àrùn jẹjẹrẹ tàbí ti iṣẹ́ abẹ kò jẹ́ kí ó sùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ìwòsàn tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn réré ní láti rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá sí Òṣòdì pẹ̀lú ìwé àṣẹ lọ́wọ́ kí ó tó lè rí díẹ̀ gbà lọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jáde níbẹ̀ tí ó rìn dé ibùdókọ̀, oògùn mìíràn wà tí kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọpọlọ sì jọ ti mọ́fíìnì bí ọmọ ìyá. Tramadol ni à ń wí. Awakọ̀ ń lò ó kí oorun má baà gbé e lọ, alábàárù ń lò ó kí ẹrù má baà wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọmọ iléèwé sì ń lò ó nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó tọ́ ọ wò.

Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìbéèrè kan wà tí a ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìyá ní àdúgbò Ìsọlọ̀, Mafolúkù àti Àjàó. Ọmọ tí ó ti sunkún, tí ó ti tọrọ àforíjì, tí ó ti búra níwájú àlùfáà pé òun kò ní fọwọ́ kàn án mọ́, kí ni ó tún gbé e padà sídìí ohun tí ó ń pa á? Àwọn kan ní ìwàkiwà ni. Àwọn kan ní ayé ni, wọ́n ti fi nǹkan dè é. Àwọn mìíràn ní ẹgbẹ́ búburú ni, a kò sì lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa, nítorí pé ọ̀pọ̀ kò mọ oògùn yìí bí kò bá ṣe pé ọ̀rẹ́ fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ lè mú ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ni. Ohun tí ó ń dá a dúró sínú ilé, inú ọpọlọ ni ó wà, ó sì gba àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó rí i.

Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Oje òdòdó pọ́pì ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní áfíyùn. Ibn Sina, oníṣègùn ńlá tí ó kú ní ọdún 1037, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ pé ó wà lára ohun tí ó lágbára jù lọ láti pa ìrora, ó sì kìlọ̀ ewu rẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni al-Biruni, tí a bí ní ọdún 973. Nínú ìwé tí ó kọ nípa oògùn, ó sọ nípa àwọn ènìyàn tí ń gbé ilẹ̀ olóoru, pàápàá ní Mọ́kà, tí wọ́n ń lo áfíyùn lójoojúmọ́ kí ooru má baà ni wọ́n lára àti kí oorun lè kùn wọ́n. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi kún un, títí tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi dé èyí tí ó lè pa ènìyàn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ awakọ̀ àti alábàárù wa ni al-Biruni ń sọ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn! Àwọn ènìyàn yẹn kò wá fàájì. Ara tí ó rẹ̀ wọ́n ni wọ́n ń tù, bárakú sì bá wọn níbẹ̀.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a mú kúrò lọ́nà. A ń gbọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa máa sọ pé ọtí ni a kà léèwọ̀, pé kóró oògùn kì í rùn lẹ́nu, kì í sì í ṣe ọtí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti yanjú èyí tipẹ́: ohun tí ó bá ń gba làákàyè lọ́wọ́ ènìyàn, ìdájọ́ ọtí ni wọ́n fún un, ìbáà jẹ́ èyí tí à ń mu, tí à ń fà símú tàbí tí à ń gbé mì. Èyí tí dókítà bá kọ fún aláìsàn tí ìrora ń dà láàmú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1805 ni Friedrich Sertürner, ọ̀dọ́mọkùnrin apoògùn kan ní Jámánì, yọ èròjà tí ó lágbára jù nínú áfíyùn, èyí tí a wá mọ̀ sí mọ́fíìnì. Kódíìnì tẹ̀lé e ní 1832. Ní 1874 onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù yí mọ́fíìnì padà sí ohun tí ilé iṣẹ́ Bayer wá tà fún gbogbo ayé ní 1898 gẹ́gẹ́ bí oògùn ikọ́, tí wọ́n sọ ní hẹróìnì. Tramadol ní tirẹ̀, àwọn ará Jámánì náà ni wọ́n ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì dé ọjà ní 1977. Ìgbàkúùgbà tí ọ̀kan bá jáde, ohun tí wọ́n máa ń retí ni pé kò ní di bárakú bí ti ìṣáájú. Gbogbo rẹ̀ ni ó di bárakú. Ìdí rẹ̀ ni pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ń kanlẹ̀kùn sí.

Láti nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fura pé àgádágodo kan gbọ́dọ̀ wà nínú ara tí ó jẹ́ pé irú oògùn yìí ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ohun tí ó mú wọn fura ni pé bíńtín nínú rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni pé bí wọ́n bá ṣe oògùn kan náà ní ẹ̀dà méjì tí ó jọra bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò pa ìrora. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún kì í sáà wọ ẹsẹ̀ òsì dáadáa. Oògùn kan sì wà, naloxone, tí a mọ̀ láti 1961, tí ó jẹ́ pé bí a bá fún ẹni tí mọ́fíìnì ń pa lọ, ojú ẹsẹ̀ ni yóò jí. Ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tí ó wọ inú ihò àgádágodo ṣùgbọ́n tí kò yí; ó kàn gba àyè mọ́ èyí tí ń yí lọ́wọ́ ni.

Naloxone yìí ni wọ́n fi rí àgádágodo náà. Ní ọdún 1973, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, Candace Pert, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ẹni ọdún 27, àti ọ̀gá rẹ̀ Solomon Snyder, fi àmì ìtànṣán sára naloxone, wọ́n dà á sí ọpọlọ eku tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, wọ́n sì rí i pé ó lẹ̀ mọ́ ibì kan pàtó. Ní ọdún yẹn kan náà, Eric Simon ní New York àti Lars Terenius ní Sweden rí ohun kan náà lọ́nà tiwọn. Rìsẹ́pítọ̀ ni wọ́n ń pe irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Ara sẹ́ẹ̀lì iṣan ọpọlọ ni wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀ níbi tí ìrora ń gbà kọjá, níbi tí inú dídùn ti ń wá, àti ní ìdí ọpọlọ níbi tí a ti ń darí èémí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ti èémí yìí, a óò padà sí i.

Ìbéèrè kan wá dìde: kí ni Ọlọ́hun fi àgádágodo òdòdó pọ́pì sí ọpọlọ ọmọ Ádámọ̀ ṣe, nígbà tí ẹni tí kò rí òdòdó náà rí pàápàá ní i lórí? Ìdáhùn ni pé kì í ṣe nítorí òdòdó. Ní ìlú Aberdeen ní Scotland, ní 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz, baba arúgbó ẹni ọdún 72 tí ó ti sá kúrò ní Jámánì nígbà ìjọba Hitler, fi hàn pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Orí ẹlẹ́dẹ̀ láti ilé ìpẹran ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ náà, ẹ má bínú sí wa, bí ìtàn ṣe lọ ni. Kọ́kọ́rọ́ àdámọ́ni yìí, enkephalin àti endorphin, ni ara ń tú jáde nígbà tí a bá ṣèṣe, kí ìrora má baà gba ọ̀nà mọ́ wa lẹ́nu nígbà tí ó yẹ kí á sá àsálà. Díẹ̀ ni ó ń tú, kì í sì í pẹ́ tí ó fi ń lọ. Òun náà ni ó ń bá wa mú ara yá nígbà tí a bá jẹun yó tàbí tí a bá wà láàárín àwọn tí a fẹ́ràn. Ohun tí oògùn ṣe ni pé ó jí ọ̀nà yìí gbà, ó sì tú jáde ní ẹ̀ẹ̀kan ohun tí ara kò tú rí láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Irú àgádágodo náà tí a mọ̀ dáadáa jẹ́ mẹ́ta, a sì fi orúkọ álífábẹ́ẹ̀tì àwọn ará Gíríìkì pè wọ́n: mu, delta àti kappa. Èwo nínú wọn ni ó ń fa bárakú? Ní 1996, Brigitte Kieffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé mú eku jáde tí kò ní mu lára láti inú ìyá rẹ̀ wá. Wọ́n fún un ní mọ́fíìnì. Kò pa ìrora rẹ̀. Kò wá a kiri. Nígbà tí wọ́n sì dá oògùn náà dúró, kò ní ìnira kankan. Ibi tí ìwòsàn ń gbà wọlé ni bárakú náà ń gbà wọlé, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni. Ìdí nìyí tí a kò fi tíì rí ẹni tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn pátápátá.

Báwo ni ó ṣe wá ń di bárakú? Ẹ jẹ́ kí á fi dánfó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnì kan ń tẹ bíréèkì ọkọ̀ láìjẹ́ kí awakọ̀ mọ̀. Awakọ̀ yóò rí i pé ọkọ̀ kò rìn mọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹná sí i, yóò máa tẹ̀ ẹ́ títí ọkọ̀ yóò fi padà sí ìrìn rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Bí ẹni tí ó ń tẹ bíréèkì bá fẹ́ kí ọkọ̀ tún falẹ̀, àfi kí ó tẹ̀ ẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Oògùn ni bíréèkì, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni awakọ̀. Ìdí nìyí tí kóró kan fi ń di méjì, tí méjì fi ń di odindi páálí. Bí bíréèkì bá wá kúrò lójijì ńkọ́? Ọkọ̀ yóò fò sókè bí ẹyẹ. Marshall Nirenberg àti àwọn méjì mìíràn fi èyí hàn nínú sẹ́ẹ̀lì ní 1975: sẹ́ẹ̀lì tí ó ti pẹ́ nínú mọ́fíìnì ti kó agbára jọ láti fi bá a jà, bí mọ́fíìnì sì ti kúrò ni agbára náà tú jáde bí omi tí ó já odi. Lójú wa, òun ni òógùn tí ń ṣàn lára ọmọ tí kò rí oògùn lò, ikun imú, yíyán, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, oríkèé ríro àti oorun tí kò wá. Ọmọ náà kò ṣe eré. Wọn kò sì fi nǹkan kan dè é.

Ìnira yìí ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Èyí tí kì í tètè lọ ni ìyánhànhàn. Nígbà tí oògùn ṣí àgádágodo, ó tú èròjà kan tí ń jẹ́ dópámìnì jáde níbi tí ọpọlọ ti ń kọ́ ohun tí ó dára fún un, ọpọlọ sì ti há gbogbo ohun tí ó yí i ká sórí: ibùdókọ̀ náà, ẹni tí ó ń tà á, àkókò náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ọmọ ti jáwọ́, bí ó bá gba ọ̀nà yẹn kọjá, ọpọlọ rẹ̀ yóò pè é. Ibí ni ìbúra ti ń já.

Tramadol tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí ń ṣí àgádágodo mu dáadáa, ẹ̀dọ̀ ẹnì kan sì yára ju ti ẹlòmíràn lọ láti ìbí. Ìdí nìyí tí kóró tí kò ṣe ọ̀rẹ́ ní nǹkan fi lè gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣánlẹ̀. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ó máa ń fa gìrì.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìjọba wa ṣe nígbà tí ìmọ̀ yìí ń jáde. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, tí ògiri rẹ̀ fara kan Mafolúkù àti Àjàó, di ọ̀nà hẹróìnì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon ṣe òfin 20 ti ọdún 1984, tí ó fi ikú ṣe ìjìyà fún òwò egbòogi. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó: Bartholomew Owoh, Bernard Ogedengbe àti Lawal Ojuolape. Kò sí ẹni ọgbọ̀n ọdún tí ó kọjá dáadáa nínú wọn. Ní 1986 wọ́n sọ ìdájọ́ ikú náà di ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1989 ni òfin 48 dá àjọ NDLEA sílẹ̀, ó sì ní ẹni tí wọ́n bá bá hẹróìnì tàbí kókéènì lọ́wọ́ rẹ̀ yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25. A kò bá oníṣòwò egbòogi kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n òfin tí kò fi àyè tó bẹ́ẹ̀ sáàárín ẹni tí ń tà á àti ẹni tí ó ti di ẹrú rẹ̀, ní ọdún 16 lẹ́yìn tí Pert ti rí àgádágodo náà, ìgbà àtijọ́ ni ó ṣì ń gbé.

Àwọn dókítà wa kò sùn o. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907 gẹ́gẹ́ bí àgọ́ àwọn wèrè, ti ní ẹ̀ka ní Òṣòdì tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí egbòogi ti di bárakú fún. Ní Àró l'Ábẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, Dókítà Tolani Asuni ti kọ̀wé nípa igbó mímu àti ọpọlọ láti 1964.

Nígbà tí gbogbo ojú wà ní pápákọ̀ òfuurufú, ibòmíràn ni ọ̀tá gbà wọlé. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé tramadol wá, ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì sì ń ta omi ikọ́ oníkódíìnì bí ẹni ń ta mínírà. Àjọ NAFDAC, tí òfin 15 ti 1993 dá sílẹ̀, tí ó sì ní ọ́fíìsì ńlá ní Ìsọlọ̀, ń gbógun tì í, àmọ́ ó di oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tí BBC fi fíìmù kan han ayé, kí ìjọba tó fòfin de omi ikọ́ oníkódíìnì. Ìwádìí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019 sọ pé mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ní Nàìjíríà ni ó ń lo oògùn irú ti áfíyùn láìsí àṣẹ dókítà. Àwọn tí ń lo hẹróìnì kò ju 87,000 lọ. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, nǹkan bí 33 nínú ọgọ́rùn-ún àgbà ni ó ti lo egbòogi kan tàbí òmíràn láàárín ọdún kan.

Ẹ̀yin òbí, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín jù nìyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn tí ó lé ní 250 sílẹ̀ ní ilé àtúnṣe kan ní Ọ̀jọ́ọ̀, n'Ìbàdàn, àwọn kan nínú wọn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Òbí ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀, pẹ̀lú owó àti àdúrà. A kò ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀wọ̀n ń ṣe sí àgádágodo inú ọpọlọ kò hàn sí wọn. Bí ọmọ bá wà ní títì pa fún oṣù méjì láìrí oògùn, awakọ̀ inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ara rẹ̀ ti padà di ara ẹni tí kò lò ó rí, ṣùgbọ́n ìyánhànhàn kò tíì lọ, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe nígbà tí ó bá pè é. Ó jáde, ó dé ibùdókọ̀, ó gbé ìwọ̀n tí ó ti ń lò tẹ́lẹ̀ mì. Ìdí ọpọlọ níbi tí a ti ń darí èémí gba bíréèkì náà ní tààrà, èémí sì dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdásílẹ̀, ìbáà jẹ́ láti ẹ̀wọ̀n tàbí láti ilé àtúnṣe, ni ikú irú èyí ń pọ̀ jù, ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀ ní ayé.

Ọ̀nà mìíràn wà. Láti 1965 ni Vincent Dole àti Marie Nyswander ní New York ti fi hàn pé a lè fún ẹni tí hẹróìnì ti di bárakú fún ní methadone, kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí àgádágodo náà jẹ́jẹ́ tí kì í sì í tètè jáde, kí ó lè jókòó ti iṣẹ́ àti ẹbí rẹ̀. Níbi tí kò bá sí èyí, dókítà lè máa dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ fún oṣù púpọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Buhari kan náà tí ó fọwọ́ sí òfin 20, tí ó ti di ààrẹ alágbádá, fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tí ó fagi lé òfin àwọn wèrè ti ayé òyìnbó, tí ó sì fún aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ tí kò ní tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá bá ọmọ tí oògùn ti gbé lọ, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí ẹyinjú rẹ̀ sì kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ má da omi tútù lé e lórí, ẹ má fún un ní epo pupa mu. Ẹ fi í dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sọ òtítọ́ ohun tí ó lò fún dókítà láìtijú. Naloxone lè jí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára naloxone kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ààbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí ó gbé ọmọ mì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára rẹ̀, kì í sì í ká gbogbo iṣẹ́ tramadol. Nítorí náà bí ó bá la ojú, tí ó ní ara òun ti yá, tí ó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ mú òun lọ sílé, ẹ má tíì gbé e kúrò níbẹ̀.